Kẹ̀kẹ́ ìdárayá abẹ́ àga: oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí mo rà á

Nígbà tí páálí náà dé, ọmọ mi obìnrin ló bá mi tú u. Ohun tó jáde níbẹ̀ kò ju ìdajì kẹ̀kẹ́ ọmọdé lọ: irin tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, pẹ́dàlì méjì, ọ̀já méjì tí wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ mọ́ ọn, orí roboto kan láàárín tí wọ́n ń yí kó le tàbí kó rọ̀, àti ojú gíláàsì kékeré kan tó ń ka nọ́ńbà. Kò ní ìjókòó, kò ní táyà, kò ní ọwọ́ ìdarí. Orí àga ara ẹni lèèyàn máa jókòó sí, á gbé e síwájú ẹsẹ̀, á sì máa wà á. Ọmọ mi yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, “Mọ́mì, ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?” Mo ní gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn.

Aránṣọ ni mí. Ọdún 26 ni mo ti ń ránṣọ, orí máṣìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo sì ti lo ọdún 9 àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nísàlẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó rìn lókè. Torí náà, mo gbà pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ pẹ́dàlì. Àṣé mo ṣì máa kọ́ ọ.

Ìdí máṣìnì náà ni mo wà lọ́jọ́ tí rọpárọsẹ̀ mú mi, oṣù 11 sẹ́yìn. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Mo kàn rí i pé ojú ìránṣọ ń wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bíi ti ọmọṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo tú u, mo tún un rán, ó tún wọ́. Ọmọ mi wọlé, mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń yọ̀ dànù lẹ́nu mi. Ó ní kí n gbé apá méjèèjì sókè. Ọ̀tún dúró, òsì ń rọra wálẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín, ẹnu mi lọ sápá kan. Kò dúró gbọ́ àwíjàre mi pé kí n sinmi díẹ̀ ná. A tètè dé ilé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán orí mi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí òpó ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ. Irú tèmi yìí ló pọ̀ jù nínú rọpárọsẹ̀. Èkejì, níbi tí òpó ẹ̀jẹ̀ ti ń bẹ́, kò wọ́pọ̀ tó o, ṣùgbọ́n ó burú jáì.

Ohun tó fà á kò fara sin. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń lo oògùn rẹ̀ bí ẹni tó ń san gbèsè tipátipá: ọ̀sẹ̀ yìí mo rántí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mo gbàgbé. Ìjókòó tún wà ńbẹ̀. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, orí àga ni. Bí dókítà bá bi mí bóyá mo ń ṣe eré ìdárayá, màá ní iṣẹ́ mi ti tó o, torí ó máa ń rẹ̀ mí tí mo bá délé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó lè rẹ èèyàn tẹnutẹnu láìjẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ṣiṣẹ́ gidi kankan. Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní INTERSTROKE, tó kárí orílẹ̀-èdè 32; èyí tó jáde lọ́dún 2016 ka nǹkan 10 tó wà nídìí bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rọpárọsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú, àìlo ara wà nínú wọn. Méjèèjì ló bá mi nílé.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ mú mi ni mo ra kẹ̀kẹ́ yìí. Mo ti ń fi ọ̀pá rìn nínú ilé. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ń wí ni pé kí àgbàlagbà máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, irú èyí tó ń mú èémí yá díẹ̀, tàbí 75 sí 150 tó bá jẹ́ èyí tó le, kí ó sì máa fún iṣan ara lókun ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Èmi wá ńkọ́? Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo lè rìn kí ẹsẹ̀ òsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Mo pín 150 sí mẹ́rin-mẹ́rin lọ́kàn ara mi, ó rẹ̀ mí kí n tó dìde. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ àjókòó ti wọ̀ mí lójú. Mo jókòó, ẹ̀rù ìṣubú kò bà mí, mo ń ka ìṣẹ́jú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àléébù rẹ̀.

Ó ń sá. Bí mo bá wà á bí ogún ìgbà báyìí, á ti sún síwájú, èmi náà á máa nasẹ̀ lé e, ìdí mi á sì máa yọ̀ bọ̀ létí àga. Fún ẹni tí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ nìyẹn. Rọ́bà tí wọ́n fi bọ ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí ike. Mo gbé e ti ògiri, mo tẹ́ àtẹ́sẹ̀ onírọ́bà sábẹ́ rẹ̀, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ fa ìlà yí ibi tí ẹsẹ̀ àga mi gbọ́dọ̀ wà. Láti ìgbà náà, kò rìn mọ́. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ lórí àga onítáyà láéláé.

Ọ̀já rẹ̀ ló burú jù. Iwájú ẹsẹ̀ nìkan ló dì mú, gìgísẹ̀ wà ní òfìfo. Ẹni tó ṣe é kò tíì rí ẹsẹ̀ tó rọ rí. Ẹsẹ̀ tó rọ kì í dúró síbi tí wọ́n bá gbé e sí: ìka á dorí kọdò, gìgísẹ̀ á yọ sẹ́yìn, orúnkún á ṣubú síta. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ òsì mi jáde kúrò nínú ọ̀já láìjẹ́ pé mo mọ̀, torí mi ò tíì máa mọ nǹkan lára dáadáa níbẹ̀, pẹ́dàlì sì yí wá, ó gbá mi lójúgun. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì wà lára oògùn mi, nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ojúgun náà pẹ́ kó tó dá. Ọmọ mi ní òun máa dá kẹ̀kẹ́ náà padà. Mo ní kó gbé àpò àtijọ́ tó ń gbé lọ sílé ìwé wá.

Mo gé okùn èjìká àpò náà, èyí tó fẹ̀ tó ínǹṣì méjì. Mo fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀ kó má baà bó mi lára, mo rán an kó lè gba ẹ̀yìn gìgísẹ̀ yí dé ẹ̀gbẹ́ pẹ́dàlì méjèèjì. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló ránṣọ, ọwọ́ ọmọ mi ló di aṣọ mú ní ipò ọwọ́ òsì mi. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe lórí máṣìnì lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ojú ìránṣọ rẹ̀ wọ́. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò tú u.

Ojú gíláàsì rẹ̀ ń ka ìṣẹ́jú, ó ń ka iye ìgbà tí pẹ́dàlì yí, ó tún ń ka kálórì, ìyẹn agbára tí ara ń lò. Ìṣẹ́jú rẹ̀ péye. Kálórì, ẹ má tiẹ̀ wò ó. Kò mọ bí mo ṣe wúwo tó, kò mọ bí mo ṣe yí orí roboto náà le tó, ibo ló ti rí kálórì kà? Orí roboto ọ̀hún máa ń gbóná tó bá ti tó ìṣẹ́jú 15, kí ọmọdé má fọwọ́ kàn án.

Ó wá ku ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń yangàn lórí kẹ̀kẹ́ yìí. Iye ìgbà tí pẹ́dàlì ń yí ń gòkè: 200, 350, 600. Mo ya fọ́tò 600 náà, mo fi ránṣẹ́ sí obìnrin físíò tó ń tọ́jú mi, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá kọ́ ara láti tún máa ṣiṣẹ́. Nígbà tó dé, ó ní kí n wà á kí òun náà rí i. Mo wà á bí akọni. Ó lóṣòó síwájú mi, ó ń wo orúnkún mi, kò wo nọ́ńbà rárá. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí ẹ̀.” Mo gbé e kúrò. Ẹsẹ̀ òsì gòkè díẹ̀, ó dé òkè pátá níbi tó yẹ kó ti ré kọjá, ó dúró. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó wọ yàrá tó gbàgbé ohun tó wá mú.

Odindi 600 tí mo ń fọ́nnu lé lórí, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà á. Èrò ọkọ̀ lòsì jẹ́.

Pẹ́dàlì méjèèjì ló so mọ́ irin kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá ń tì, èkejì gbọ́dọ̀ yí, bó ṣiṣẹ́ bí kò ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí èmi ti mọ̀. Bí kẹ̀kẹ́ ńlá ẹ̀gbẹ́ máṣìnì ẹlẹ́sẹ̀ bá ti gbéra, òun ló ń gbé ẹsẹ̀ lọ, kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń gbé e. Bí mo ṣe máa ń sinmi nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ nìyẹn, tí ọ̀gá mi á máa gbọ́ ariwo máṣìnì, tí wọ́n á rò pé mo ń ṣiṣẹ́.

Físíò wá là á yé mi pé ibi tó ti kú nínú ọpọlọ kì í jí mọ́. Apá ibòmíràn ló ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, àṣetúnṣe ló sì fi ń kọ́ ọ. Bí ẹsẹ̀ òsì kò bá gbìyànjú, kò sí ẹ̀kọ́ kankan tó dé ọpọlọ. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú ìtọ́jú ọwọ́ tí Edward Taub, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀: wọ́n á fi ìbọ̀wọ́ kan bo ọwọ́ tó yá mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́, kí ọwọ́ tó rọ má baà rí ẹni tó máa bá a ṣiṣẹ́. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lè mira díẹ̀ ni o.

A yí ọ̀nà padà. Orí roboto rọ̀ dé òpin, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà nílẹ̀, òsì nìkan ló ń wà á; níbi tó bá ti há lókè, màá fi ọwọ́ ọ̀tún ti orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mẹ́ta ni mo rí wà. Ẹni tó wà 600 lánàá! Òógùn bò mí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó di 11. Tí mo bá parí tòsì, màá wá fi ẹsẹ̀ méjèèjì wà á fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ti ẹsẹ̀ méjèèjì, ọkàn àti èémí ló wà fún. Ti òsì nìkan, ọpọlọ ló wà fún.

Ọ̀rọ̀ èémí yìí kò sí nínú ìwé ìlò tó bá a wá. Bí pẹ́dàlì bá le jù, èèyàn á di èémí mú láìmọ̀, á fún eyín pọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì ròkè lójijì. Físíò ní kí n máa ka iye yíyí sókè ketekete, torí ẹni tó ń kà á kò lè di èémí mú. Mo máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ kí n tó gùn ún. Dókítà mi ti fa ìlà fún mi: bí nọ́ńbà òkè bá ju 180 lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá ju 110 lọ, kò sí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà, kí n pe òun. Ìlà tiyín lè yàtọ̀, ẹ bi dókítà yín. Àwọn kan ń fi aago ọwọ́ ka bí ọkàn ṣe ń lù. Kò ṣiṣẹ́ fún mi, torí ọ̀kan nínú oògùn mi kì í jẹ́ kí ọkàn yára, bó ti wù kí n làágùn tó.

Àbúrò mi kan bínú gan-an nílé ìwòsàn pé wọn ò gbé mi dìde lọ́jọ́ kìíní gan-an kí n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Òun ló sì ń sọ pé ká ti ra kẹ̀kẹ́ yìí fún mi láti orí ibùsùn. Inú mi dùn pé wọn ò dá a lóhùn. Ìwádìí AVERT, tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lọ́dún 2015, tẹ̀lé èèyàn tó lé ní 2,000 tí rọpárọsẹ̀ mú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn kan dìde láàárín wákàtí 24 tó mú wọn, lemọ́lemọ́, léraléra; àwọn yẹn kò sì gbádùn tó àwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kíákíá dára, ṣùgbọ́n wọn kì í fi agídí ṣe é lọ́jọ́ tí ọpọlọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọgbẹ́.

Ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ yìí kò ní fẹ́ kí n sọ èyí: àga tí mo ń jókòó lé láti wà á wúlò jù ú lọ.

Àga tó le ni, tó ní apá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Màá sún ìdí síwájú, màá fa ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn díẹ̀ ju ọ̀tún lọ kí ìwúwo ara lè bọ́ sórí rẹ̀. Màá tẹ̀ síwájú títí imú mi á fi kọjá orúnkún, màá dìde, màá ka méjì, màá wá rọra jókòó. Rírọra jókòó yẹn gan-an niṣẹ́ wà, torí ibẹ̀ ni itan ti ń gbọ̀n. Márùn-ún, ìsinmi, márùn-ún. Níbí, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò lè fi bẹ́ẹ̀ bá òsì ṣe é, bó bá fẹ́ yọ́ ọ ṣe, mo máa mọ̀, torí ara mi á dà sápá kan. Yàtọ̀ síyẹn, kò síbi tí mo fẹ́ wa kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà lọ. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n dìde lórí ibùsùn lóru láìpe ọmọ mi.

Mo fi téèpù ìwọnṣọ wọn itan mi méjèèjì, ínǹṣì mẹ́fà sókè orúnkún. Ọ̀tún jẹ́ 19, òsì jẹ́ 17 àbọ̀. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, òsì ti di 18. Mi ò lè sọ pé kẹ̀kẹ́ ló ṣe é, torí àga wà ńbẹ̀, rírìn náà wà ńbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, àga ni màá mú.

Ara páálí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé èèyàn tún lè gbé e sórí tábìlì kó máa fọwọ́ wà á. Fún èjìká tó rọ, ẹ ṣọ́ra. Orí apá mi òsì ti fẹ́ yẹ̀ nínú ihò rẹ̀ látìgbà tí iṣan tó dì í mú ti rọ, ìgbà kan péré tí mo sì dán an wò, mi ò sùn lóru yẹn. Físíò gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ẹni tí kẹ̀kẹ́ yìí bá lára mu jù nínú ẹbí wa kì í ṣe èmi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Rọpárọsẹ̀ kò mú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wọn ga, wọn kì í sì dìde níwájú tẹlifíṣọ̀n tí bọ́ọ̀lù bá wà níbẹ̀. Wọ́n wá kí mi, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e bí ẹni ń ṣeré, wọ́n sì fi wo ìdajì bọ́ọ̀lù, ìṣẹ́jú 45. Mo ní kí wọ́n yí i le títí wọ́n á fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò ní lè kọrin, torí ìwọ̀n tó ń ṣe ọkàn lóore nìyẹn. Wọ́n ní àwọn ò kọrin rí tẹ́lẹ̀. Fún irú wọn, tí ẹsẹ̀ méjèèjì lágbára bákan náà, kẹ̀kẹ́ yìí kò purọ́. Rírìn kánmọ́kánmọ́ níta ṣì dára jù ú, àmọ́ ẹni tí kò ní jáde kò ní jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wá èyí tó wúwo, kì í sá. Ẹ wá èyí tí pẹ́dàlì rẹ̀ ní ìdènà lẹ́yìn gìgísẹ̀, kí ẹ má baà di aránṣọ tipátipá. Èyí tó ń lo iná, tó ń yí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, lè wúlò fún ẹsẹ̀ tí kò tíì mira rárá kí oríkèé má baà gan, ṣùgbọ́n òun náà ni baba àwọn tó ń gbé èrò. Ẹni tí kò tíì lè jókòó dúró láìsí ẹni tó dì í mú, kó má rà á ná. Nínú márùn-ún, mo fún un ní mẹ́ta: ọ̀kan fún ìṣẹ́jú tó ń kà, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kan torí pé kò bàjẹ́ láti oṣù márùn-ún.

Lánàá, ẹsẹ̀ òsì nìkan wà á dé 43. Nígbà tó di 44, ó há lókè, níbi tó máa ń há sí. Mo na ọwọ́ láti ti orúnkún, ọwọ́ kò tíì débẹ̀ tó fi kọjá.